Aṣọ Àrán fún Tábúlẹ́ẹ̀tì

Ẹ fara balẹ̀, ìtàn yìí kò le. Ẹ̀rọ mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, ènìyàn mẹ́rin tó ṣe pàtàkì, àti aṣọ àrán mọ́kànlélógójì. Ẹni tó bá ti fi ìyẹn sọ́kàn kò ní sọnù lójú ọ̀nà.

Ẹni àkọ́kọ́ ni olórí Ilé Ìgbafẹ́ Àwọn Ọ̀dọ́. Nínú ìwé tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́, Alábòójútó ni wọ́n pè é, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò kún ọkùnrin náà lẹ́nu. Lọ́dún kìíní, ó pa ìyẹn tì, ó sọ ara rẹ̀ di Ọ̀gá Àgbà. Lọ́dún kejì, ó fi Pátápátá kún un. Nígbà tí ó fi máa pé ọdún kẹfà, pátákó ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ti fẹ̀ ju ilẹ̀kùn lọ: Ọ̀gá Àgbà Pátápátá fún Ìgbafẹ́, Ìdárayá, Ìmọ̀ Ẹ̀rọ àti Ọjọ́ Iwájú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fo èyí tó kẹ́yìn yẹn. Gbogbo wa là ń lọ sí ọjọ́ iwájú, a kò kàn mọ̀ pé ó ní ọ̀gá ni.

Bí ó bá ti yọ lẹ́nu géètì láàárọ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ á dìde, akọ̀wé rẹ̀ á sì ka orúkọ oyè náà láti orí dé ìdí. Bí òjò bá ń rọ̀, ọ̀gá á dúró sínú òjò títí wọ́n á fi kà á tán, nítorí kò sí ẹni tó láyà láti gé e kúrú, òun náà kò sì fẹ́ kí wọ́n gé e. Níbi tí kò ti lè gbọ́, Mo-Ti-Sọ-Ọ́ ni wọ́n ń pè é, torí pé ibẹ̀ ni gbogbo àríyànjiyàn pẹ̀lú rẹ̀ ń parí sí. "Mo ti sọ ọ́." Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ẹni kejì ni akọ̀wé yẹn, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń gbà pẹ̀lú ọ̀gá kí ọ̀gá fúnra rẹ̀ tó mọ ohun tí òun fẹ́ sọ.

Ẹni kẹta ni obìnrin tí ọ̀rọ̀ náà máa dùn jù. Ìyá Wáyà ni wọ́n ń pè é, nítorí pé kò sí ọjọ́ tí wáyà kì í kọ́ ọ lọ́rùn bí ìlẹ̀kẹ̀. Òun ló ń mójú tó gbọ̀ngàn géèmù tó wà lẹ́yìn ilé náà: kọ̀ǹpútà méjìlá àti kóńsóòlù mẹ́fà, àpótí géèmù tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Méje nínú àwọn kọ̀ǹpútà náà, inú pàǹtí ló ti gbé wọn. Ó tú wọn palẹ̀, ó fi èyí tó ṣì ń mí lára ọ̀kan tún òmíràn ṣe, títí gbogbo wọn fi jí. Níbẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ń wá lẹ́yìn ilé ìwé. Mẹ́jọ nínú wọn ti di ẹgbẹ́ eléré, wọ́n sì ń múra fún ìdíje tó kù oṣù mẹ́fà. Ìyá Wáyà kò bímọ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá wọ gbọ̀ngàn yẹn ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹ ò ní mọ̀.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí oníṣòwò kan kó ogójì tábúlẹ́ẹ̀tì wá, pé kí ilé ìgbafẹ́ kọ́kọ́ dán wọn wò, tí ó sì fi ọ̀kan lé e fún ọ̀gá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn. Ọ̀gá tan tirẹ̀, ó rí géèmù ìje ọkọ̀ nínú rẹ̀, ó fọwọ́ kan dígí, ọkọ̀ sáré. Láti ọjọ́ náà, iṣẹ́ ọjọ́ iwájú dúró ná. Lójoojúmọ́, wọ́n á tan ẹ̀rọ amúlétutù sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ọ̀gá títí akọ̀wé fi ń wọ ẹ̀wù méjì lọ jábọ̀, òṣìṣẹ́ kan á gba tábúlẹ́ẹ̀tì kejì, á sì bá ọ̀gá sá ìje.

Kò sí ẹni tó na ọ̀gá rí.

Bẹ́ẹ̀ ni, mo rí i pé ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Nínú fáìlì akọ̀wé, ìwé kan wà tí wọ́n fi ọwọ́ rere kọ, tí wọ́n ń pè ní Àtẹ Ìfìdírẹmi. Ọjọ́ Ajé, agbálẹ̀, kó fìdí rẹmi pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, awakọ̀, kó fìdí rẹmi gidi gan-an. Ọjọ́rú, akọ̀wé fúnra rẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ dáadáa kó tó wó lulẹ̀. Wọ́n ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí ọ̀gá má baà fura. Ó máa ń ká awakọ̀ lára gan-an. Ogún ọdún ló ti ń wa ọkọ̀ láìgún ẹnikẹ́ni, wọ́n wá ní kó máa kọ lu igi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ọ̀gá pe ìpàdé gbogboogbò.

"Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ mi," ló wí, "mo ti ṣe ìwádìí. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi sá ìje lórí tábúlẹ́ẹ̀tì, kò sí ẹ̀dá alààyè tó bá mi. Kí ni kọ̀ǹpútà? Àpótí ni. Kí ni kóńsóòlù? Àpótí tó jókòó ti tẹlifíṣọ̀n bí ọmọ tó ń dúró de oúnjẹ. Ṣùgbọ́n tábúlẹ́ẹ̀tì, pẹlẹbẹ ni, ìmọ́lẹ̀ ni, ó sì mọ ọwọ́ ẹni tó di òun mú. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó ń bọ̀, kí ọkọ̀ akẹ́rù wá kó gbogbo àpótí wọ̀nyẹn lọ. Gbọ̀ngàn ẹ̀yìn á di ibi tí a óò máa gbé àwòrán ìtàn iṣẹ́ mi kọ́ sí."

Akọ̀wé pàtẹ́wọ́ títí aago fi já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Sà," ni Ìyá Wáyà bi í láti ẹ̀yìn, "èmi ńkọ́?"

"Ṣé wáyà wà nínú tábúlẹ́ẹ̀tì?"

"Kò sí, sà."

"Kí la wá fẹ́ fi Ìyá Wáyà ṣe?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀gá ti rẹ́rìn-ín. Ìyá Wáyà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń ro àwọn ọmọ mẹ́jọ rẹ̀, àti ohun tí òun máa sọ fún wọn ní agogo mẹ́rin.

Ṣùgbọ́n ìdènà kékeré kan wà. Ìgbìmọ̀ tó ń darí ilé ìgbafẹ́ náà ní alága, ìyá àgbàlagbà kan tó ti fi ọdún márùndínlógójì kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Òun ni ẹni kẹrin wa. Alága ní òun kò ní fọwọ́ sí i kí wọ́n kó ohunkóhun lọ láìjẹ́ pé òun rí ìjábọ̀ tó fi ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wé ara wọn, kí òun sì fojú ara òun rí ìdánwò wọn. Ọ̀gá bá ránṣẹ́ pe Ìyá Wáyà.

"Lọ fi wọ́n wé ara wọn dáadáa," ló wí, "kí tábúlẹ́ẹ̀tì sì gbégbá orókè."

"Ṣé kí n fi wọ́n wéra ni sà, àbí kí n gbé e lékè?"

"Ṣe méjèèjì."

Ìyá Wáyà ṣe ẹyọ kan nínú méjèèjì. Ó fi géèmù ìje kan náà sí orí ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò gbé wọn lọ sí ọ́fíìsì tó tutù, inú gbọ̀ngàn tirẹ̀ ló ti gbá a fún wákàtí kan kan. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ń wò. Àwòrán tó ń sáré lójú ẹ̀rọ, kò sáré níti gidi. Àwòrán dídúró ni wọ́n, ẹ̀rọ ló ń yí wọn fìrìfìrì, bí ìgbà tí ọmọdé bá ya àwòrán sí etí ìwé tó sì ń ṣí i lọ kíákíá. Bí àwòrán bá ṣe pọ̀ tó láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni eré á ṣe dán tó. Tábúlẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọgọ́ta, ó dán, ó wu ojú. Ní ìṣẹ́jú kejìlá, ẹ̀yìn rẹ̀ gbóná, ó fúnra rẹ̀ rọra dẹ ẹsẹ̀ kó má baà jóná, ó sì wálẹ̀ sí ọgbọ̀n. Kóńsóòlù bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọgọ́ta, ó sì parí pẹ̀lú ọgọ́ta, nítorí pé fáànù wà nínú rẹ̀ tó ń lé ooru jáde. Kọ̀ǹpútà kọjá àádọ́rùn-ún, àmọ́ ó ń kùn bí oyin, ó ń jẹ iná, kò sì sí ẹni tó lè gbé e sínú àpò.

Ìpín márùn-ún ni ìjábọ̀ rẹ̀ ní. Ìpín méjì àkọ́kọ́ sọ bí eré náà ṣe rí àti bí tábúlẹ́ẹ̀tì ṣe dán ní ìbẹ̀rẹ̀. Ìpín kẹta sọ̀rọ̀ kóńsóòlù àti kọ̀ǹpútà. Ìpín kẹrin kà báyìí pé: "Tábúlẹ́ẹ̀tì kò ní fáànù. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló fi ń mí. Kí wọ́n má ṣe fi nǹkan bò ó lẹ́yìn nígbà tí wọ́n bá ń fi gbá géèmù tó wúwo." Ìpín karùn-ún ní kí wọ́n fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀: kí tábúlẹ́ẹ̀tì wà fún àwòrán yíyà, eré ọ̀rọ̀ àti ìrìn àjò, kí àwọn yòókù wà fún eré tó lágbára.

Lọ́jọ́ kejì, ìjábọ̀ náà padà dé bí ẹni tó ti ojú ogun bọ̀. Ọ̀gá ti fi bírò pupa pa ìpín mẹ́ta rẹ́. Ní etí ìpín kẹrin, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Àrífín sí ẹ̀rọ ìjọba." Ó wá fi orúkọ oyè rẹ̀ buwọ́ lù ú, ìyẹn sì gba àyè ju ohun tó ṣẹ́ kù nínú ìjábọ̀ lọ. Ìpín méjì tó yè ni akọ̀wé tún tẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí alága. Ó fi èyí tó ní bírò pupa pamọ́ sínú fáìlì, nítorí akọ̀wé kì í sọ ìwé nù.

Akọ̀wé yìí kan náà ló mú àbá wá pé kò yẹ kí ẹ̀rọ tó gbé iyì ọ̀gá máa rìn níhòòhò. Wọ́n bá pe aránṣọ. Ó rán aṣọ àrán aláwọ̀ pupa fún tábúlẹ́ẹ̀tì mọ́kànlélógójì, ó fi òwú tẹ́ inú rẹ̀ kó lè nípọn, ó ya ojú ọ̀gá sí ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú fọ́nrán wúrà, ó sì rán ẹnu aṣọ náà pa, kí ẹnikẹ́ni má baà bọ́ ọ.

Ìyá Wáyà dá akọ̀wé dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tú aṣọ yẹn kúrò lára ẹ̀rọ náà."

"Aṣọ ọ̀gá? Ojú ọ̀gá ló wà lẹ́yìn rẹ̀ yẹn, Ìyá Wáyà. Ta ló máa bọ́ ọ̀gá lójú?"

"Ooru máa pa á."

"Òtútù ló ń pa á ní ọ́fíìsì."

"Gbọ̀ngàn ńlá kì í ṣe ọ́fíìsì. Fèrèsé mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, oòrùn ọ̀sán á sì ń wọlé."

Akọ̀wé wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé ẹ rò pé mi ò mọ̀ ni? Mo ní ọmọ mẹ́ta nílé ìwé. Iṣẹ́ mi ni láti máa gbà."

Ìyá Wáyà kan ilẹ̀kùn ọ̀gá fúnra rẹ̀.

"Sà, adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ara rẹ̀ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Tábúlẹ́ẹ̀tì yín..."

"Adìẹ?" Ọ̀gá gbé ojú sókè. "Ìmọ̀ ẹ̀rọ là ń sọ, o wá kó adìẹ wọ ọ́fíìsì mi."

"Mo ń sọ pé aṣọ yẹn..."

"Ìwọ á jókòó sídìí kọ̀ǹpútà rẹ lọ́jọ́ náà, akọ̀wé á di kóńsóòlù mú, èmi á di tábúlẹ́ẹ̀tì mi mú. Ẹni tó bá borí, ẹ̀rọ rẹ̀ ló borí. Mo ti sọ ọ́."

Ọjọ́ pé. Gbọ̀ngàn ńlá kún. Wọ́n tan àwòrán ojú ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sára ògiri kí gbogbo ènìyàn lè rí wọn. Níta, ọkọ̀ akẹ́rù ti dúró láti àárọ̀, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀ de kọ̀ǹpútà. Ìyá Wáyà rí i láti ojú fèrèsé. Àwọn ọmọ mẹ́jọ rẹ̀ jókòó ní ìlà kejì.

Ọ̀gá dìde láti sọ ọ̀rọ̀ ìkíni ráńpẹ́. Àádọ́ta ìṣẹ́jú ló fi sọ ọ́. Ní gbogbo àádọ́ta ìṣẹ́jú náà, ó gbá tábúlẹ́ẹ̀tì mọ́ àyà bí ìkókó, ó tàn án sílẹ̀ dé góńgó ìmọ́lẹ̀, kí àwòrán ara rẹ̀ lè máa yọ níbẹ̀, ó sì dúró sí iwájú fèrèsé níbi tí oòrùn ti ń ta yòò. "Ọjọ́ iwájú wà lọ́wọ́ mi yìí," ló wí. "Mo ń gbọ́ bí ó ṣe ń gbóná fún iṣẹ́."

Òtítọ́ kan ṣoṣo tó sọ lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Ìje bẹ̀rẹ̀. Ìyípo mẹ́ta ni. Ọkọ̀ Ìyá Wáyà gbéra, kò wẹ̀yìn. Ọkọ̀ ọ̀gá gbéra pẹ̀lú, ó rìn dáadáa títí dé kọ́nà àkọ́kọ́. Níbẹ̀ ló ti dúró. Ó fò. Ó tún dúró. Ọ̀gá tẹ dígí, ìka rẹ̀ bo ojú ọ̀nà, ó gbé ìka kúrò, ọkọ̀ ti wà nínú koríko.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀gá sílẹ̀ ná, nítorí akọ̀wé ló yẹ ká ṣàánú. Ọ̀nà tí ènìyàn fi ń fìdí rẹmi níwájú ẹni tó ń sáré ló mọ̀. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fìdí rẹmi níwájú ẹni tó dúró. Ó dẹ ẹsẹ̀, kò tó. Ó pa ọkọ̀ rẹ̀ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó dúró de ọ̀gá, ọ̀gá kò dé. Ó kọ lu igi, ó kọ lu igi kejì. Ó yí padà, ó ń bọ̀ wá pàdé ọ̀gá láti iwájú, kí ọ̀gá ṣáà lè kọjá lára rẹ̀. Níkẹyìn, ó kó sínú adágún odò. Ṣùgbọ́n géèmù náà ní ojú àánú. Ó fa ọkọ̀ rẹ̀ jáde, ó gbé e ka iwájú ọ̀nà. Ó tún wọ adágún, wọ́n tún gbé e síwájú. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni akọ̀wé fi tọkàntọkàn wọ omi, ìgbà kẹrin ni wọ́n gbé e kọjá ìlà ìparí.

"Ẹ má bínú, sà," ló ń wí, òógùn bò ó. "Mo ń gbìyànjú, sà."

Ìyá Wáyà ti parí tipẹ́, ó káwọ́ lé orúnkún. Lára ògiri, ọkọ̀ ọ̀gá ṣì wà ní ìyípo kìíní. Ojú ẹ̀rọ náà ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀, lẹ́tà funfun gàdàgbà sì yọ lójú gbogbo ènìyàn: Ẹ̀rọ yìí gbóná jù. Ẹ jẹ́ kó sinmi. Ó wá kú fin-ín-fin-ín. Wọ́n ti ka orúkọ oyè fún gbogbo ènìyàn nínú ilé náà, wọ́n gbàgbé láti kà á fún ẹ̀rọ.

"Wọ́n bà á jẹ́ ni," ni ọ̀gá wí, ó na ìka. "Obìnrin yìí ni. Torí iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe dà á rú. Kí wọ́n lé e lónìí yìí."

Alága dìde, ó wá gba tábúlẹ́ẹ̀tì náà. Bí ọwọ́ rẹ̀ ti kan ẹ̀yìn rẹ̀, ó fà á padà.

"Ta ló fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ẹ̀rọ nínú oòrùn?" ló bèèrè. "Ṣé kò sí ẹni tó sọ fún yín ni?"

"Ó wà ní ìpín kẹrin, mà," ni Ìyá Wáyà wí.

"Ìpín kẹrin wo? Ìpín méjì ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi."

Gbogbo ojú yí sí ọ̀gá. Ọ̀gá yí sí akọ̀wé. "Akọ̀wé ló ni aṣọ, akọ̀wé ló tẹ ìjábọ̀. Èmi kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Mo ti sọ ọ́."

Akọ̀wé ti ń mi orí láti gbà. Ọdún mẹ́fà ni ọrùn rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Ó mi ín lẹ́ẹ̀kan, ó mi ín lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́yìn náà ọrùn dúró. Ó ṣí fáìlì tó gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó yọ ìwé tó ní bírò pupa, ó nà án sí alága. Àmọ́ ìwé kejì ti lẹ̀ mọ́ ọn, ó bá a jáde, ó bọ́ sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ alága. Alága ka ti àkọ́kọ́ jẹ́ẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ìkejì, ó kà á sókè bí olùkọ́ tó ń ka máàkì.

"Àtẹ Ìfìdírẹmi. Ọjọ́ Ajé, agbálẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, awakọ̀, gidi gan-an..."

"Èmi nìyẹn, mà," ni awakọ̀ dáhùn láti ẹ̀yìn. "Ọ̀sẹ̀ méjìlá. Igi tí mo ti kọ lù kò níye."

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá kò bínú, èyí sì ya Ìyá Wáyà lẹ́nu. Ó kàn ń wo àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń wá ojú kan.

"Gbogbo yín?" ló bi wọ́n.

"Gbogbo wa, sà," ni akọ̀wé wí.

Ọkọ̀ akẹ́rù kò lọ lófo. Wọ́n kó pátákó gígùn yẹn sínú rẹ̀, àti àwòrán mọ́kàndínlógún tí wọ́n ti gbé sí férémù sílẹ̀ de gbọ̀ngàn ẹ̀yìn. Aṣọ àrán nìkan ni agbálẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún. Ó tú wọn, ó ń fi wọ́n nu eruku ojú kọ̀ǹpútà láràárọ̀, a sì lè sọ láìtan ara wa jẹ pé ojú ọ̀gá kò tíì ṣiṣẹ́ ìlú tó bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn tábúlẹ́ẹ̀tì, nígbà tí ara wọn ti fúyẹ́, ń ṣe dáadáa: àwọn ọmọ kéékèèké ń fi yàwòrán, ẹgbẹ́ eléré sì mú mẹ́jọ dání nínú ọkọ̀ lọ sí ìdíje wọn. Ẹ̀rọ náà kò ṣẹ ẹnikẹ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìgbìmọ̀ kò lé ọ̀gá. Wọ́n fi í sí ilé ìkẹ́rùsí, wọ́n sì dá orúkọ oyè rẹ̀ padà fún un bí ó ṣe wà nínú ìwé: Alábòójútó.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó yọ lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ẹ̀yìn. Ẹnikẹ́ni kò dìde, nítorí ọwọ́ gbogbo wọn dí. Ó dúró ti ògiri fún ìgbà díẹ̀, ó ń wo bí àwọn ọmọ ṣe ń na ara wọn nínú géèmù, tí wọ́n ń ṣe ara wọn ní yẹ̀yẹ́, tí ẹni tó fìdí rẹmi sì ń tún bẹ̀rẹ̀. Ìyá Wáyà fa àga kan sídìí kóńsóòlù, ó fi ọwọ́ nu eruku orí àga náà.

"Ẹ wá jókòó, sà."

Ó jókòó. Ó gba páàdì tí wọ́n fi ń darí eré, ó yí i lọ́wọ́ bí ẹni tó ń wá ibi tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, awakọ̀ ti mú páàdì kejì, ó ń na ìka. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun sì ni.

"Ìyá Wáyà," ló wí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, "ta ló kàn láti fìdí rẹmi lónìí?"

Ìyá Wáyà bá a tẹ bọ́tìnì ìbẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀yin ló kàn, sà."